Ta ni Ó Gbọ́ Tẹnu Àkàrà-oògùn? Ìpẹ̀ àti Ìwòsàn Ọkàn Nínú Ìwé Fágúnwà

Bí a bá kó àwọn ìbéèrè ìdánwò tí a ti ṣe lórí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jọ, orúkọ kan kì í pẹ́ yọjú nínú wọn: Ìrágbèje, onílé olójúlé méje. Ìbéèrè kan a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìmọ̀ràn tí Ìrágbèje fún àwọn ọdẹ. Òmíràn a ní kí ó ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá-ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti há ojúlé méjèèje sórí mọ̀ pé máàkì òun kò lè sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀ ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín. Ìrágbèje ni agbani-nímọ̀ràn inú ìwé náà; ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà ní ẹ̀bá Ẹmùré, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn olùkọ́ wọn àti awakọ̀ wọn wọ igbó lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Awakọ̀ náà kò bá wọn padà. Wọ́n ti pa á. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí gba ìlú kan, láti Ẹmùré dé Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́, orí ìwé Fágúnwà ni kíláàsì wa wà. Ìwé ọdẹ, ìwé igbó. Kò tún sí ọmọ kan nínú kíláàsì náà tí igbó jẹ́ ìtàn lásán fún. A kàwé títí, ọmọbìnrin kan sì nawọ́ sókè, ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, gbogbo ohun tí ojú Àkàrà-oògùn rí yìí, ta ni ó bi í léèrè?’ Mo yára dá a lóhùn pé Ìrágbèje ni. Ó ronú díẹ̀. ‘Ìrágbèje kò bi í ní nǹkan kan, sà. Ó kàn ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni.’

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Àpilẹ̀kọ yìí ni èsì mi. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú rẹ̀ ni pé a ti ń wá oníwòsàn ọkàn sí ibi tí kò sí nínú ìwé yìí. Ẹni tí ó wo Àkàrà-oògùn sàn kò sí ní Òkè Lángbòdó rárá. Ó ti wà níwájú wa láti ojú-ewé àkọ́kọ́, kò ní orúkọ, a kì í sì í bèèrè nípa rẹ̀ nínú ìdánwò.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí a sábà máa ń pò pọ̀. Ìmọ̀ràn ni a ń fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe nǹkan: ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó, ẹni tí ó fẹ́ dáko, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí òun ì bá kọ́. Ìpẹ̀ ni a ń ṣe fún ẹni tí nǹkan ti ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo iwájú. Ẹni kejì, ẹ̀yìn ni ó kọjú sí, kò sì lè yí ojú padà bí ó ti wù kí a pè é tó. Nínú ilé-ìwé wa, ìmọ̀ràn ni ó kọ́kọ́ dé. Nígbà tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní St. Theresa's College, Ìbàdàn, ní 1959, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde ìwé yóò ṣe ni ó jẹ wọ́n lógún. Nígbà tí Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sì jáde ní 1977, ó ní kí a pèsè olùdámọ̀ràn fún ilé-ìwé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ iṣẹ́ tí ó wà níta. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí títí di òní fi rò pé ẹni tí ń sọ fún ọmọ bóyá kí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin ni olùdámọ̀ràn. Ọmọ tí ó ti inú igbó Ẹmùré bọ̀ kò bèèrè iṣẹ́ tí òun yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ Ìrágbèje, kí a má baà ṣe é ní àṣejù. Àwọn ọdẹ dé Òkè Lángbòdó lẹ́yìn ìyà tí kò ṣe é fẹnu sọ. Ọba ìlú náà gbà wọ́n, ó sì fà wọ́n lé Ìrágbèje lọ́wọ́. Ilé Ìrágbèje ní ojúlé méje, ó sì ń gbà wọ́n sí ojúlé kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje gbáko. Nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan ni ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ àti ìtàn fún wọn, lórí ọmọ títọ́, lórí ìwà, lórí Ẹlẹ́dàá àti ẹ̀dá. Àwọn lámèyítọ́ ti tọ́ka sí i tipẹ́ pé olùkọ́ ni Fágúnwà fúnra rẹ̀ kó tó di òǹkọ̀wé, pé ohùn olùkọ́ náà ni a sì ń gbọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Òótọ́ ni.

Àwọn ohun rere kan wà nínú ìṣe Ìrágbèje tí ó yẹ kí oníwòsàn ọkàn kọ́. Ó fún àwọn ọdẹ ní ilé kí ó tó fún wọn ní ọ̀rọ̀. Kò kánjú, ọjọ́ méje ni ó yà sọ́tọ̀ fún wọn, ojúlé titun ni wọ́n sì ń rí lójoojúmọ́, bí ẹni tí a ń mú kúrò díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí ó ti jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ìtàn ni ó sì ń pa, kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tí a pa ìtàn ẹlòmíràn fún lè bá ara rẹ̀ pàdé nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nàka sí i. Òǹkàwé kan lè sọ pé èyí gan-an ni ìwòsàn, n kò sì ní bá a jiyàn púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ojúlé kan nínú méjèèje tí a ti bi ọdẹ kan pé kí ni ojú rẹ̀ rí lọ́nà. Ẹnu Ìrágbèje ni ó ń ṣiṣẹ́. Etí ni ti àwọn ọdẹ. Bí a bá yọ àwọn ọdẹ wọ̀nyí kúrò, tí a kó ọdẹ mìíràn tí ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan wọlé, ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ènìyàn mu ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ọgbẹ́ ń dùn mọ̀ pé ọgbẹ́ tòun kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ Kàkó, oníkùmọ̀ ẹkùn, ni ó jẹ́ kí èyí hàn jù lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í dúró lórí rẹ̀ nínú kíláàsì. Nígbà tí ìpè ọba dé, ìgbéyàwó Kàkó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ. Ó dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kàkó pa á. Ó pa á, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú kíláàsì a máa ń fi èyí ṣe àpẹẹrẹ akínkanjú tí kò jẹ́ kí ohunkóhun dí òun lọ́wọ́, a ó sì ṣí ojú-ewé tí ó kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé bí a ó ti ṣe é nìyí? Ọkùnrin kan rìn dé Òkè Lángbòdó pẹ̀lú ikú olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó ọjọ́ méje níwájú ọlọ́gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìwà rere sì ń dà sí i létí bí òjò, ẹnikẹ́ni kò bi í pé, ‘Kàkó, obìnrin yẹn ńkọ́?’ Bóyá Fágúnwà mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, bóyá ìtàn náà ń sáré jù ni. Èrò tèmi ni pé ìtàn ń sáré. Ìwé ìrìn-àjò ni, àwọn ọdẹ kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ohun yòówù kí ó fà á, ibi tí ìtàn sáré kọjá ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró sí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin àgbàlagbà kan wá bá òǹkọ̀wé nínú ilé rẹ̀. Ó ní kí ó mú kálàmù àti ìwé, kí ó kọ ìtàn tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀. Ìdí tí ó fi wá kò fara sin: ó ń bẹ̀rù pé ikú lè dé bá òun lójijì, kí ìtàn náà sì bá òun kú. Òǹkọ̀wé náà mú kálàmù, ó jókòó, ó ń kọ. Àkàrà-oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí Fágúnwà pe èyí ní ọgbọ́n ìsọ̀tàn: ìtàn nínú ìtàn, tí òǹkọ̀wé fi ń jẹ́ kí ohun àrà tí ó ń sọ dà bí òtítọ́. Ìdáhùn náà tọ̀nà, kí olùdánwò má sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí a bá wo ibi ìpàdé yìí gẹ́gẹ́ bí ìpàdé ẹ̀dá méjì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n àhunpọ̀ ìtàn nìkan, ohun tí a ó rí ni ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn àti ẹni tí ó gbà á sọ̀. Yorùbá a máa sọ pé ènìyàn fi ọ̀rọ̀ lọ ẹnìkejì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ni ó fi í lọni. Ẹni tí a fi lọ̀, etí ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àkàrà-oògùn ni ó tọ òǹkọ̀wé wá, kì í ṣe pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Òun ni ó mọ ìgbà tí òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ni ó sì mọ ìgbà tí òun fẹ́ dákẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Kí ni ó sì kọ́kọ́ sọ? Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ igbó, kò kọ́kọ́ dárúkọ Àgbákò. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó fi ṣíde: bí ìyá náà ti jẹ́ àjẹ́, bí bàbá rẹ̀ ti yìnbọn lu ẹranko tí ó sì jẹ́ pé ìyàwó òun gan-an ni ó yìnbọn lù, bí ilé ṣe dahoro mọ́ ọmọ lórí. Ojú-ewé díẹ̀ ni ó fi sọ ọ́, kò sunkún, ó sì kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ ọdẹ. Àwa náà a bá a kọjá lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ igbó dùn ju ọ̀rọ̀ ilé lọ. Ṣùgbọ́n òwe wa ní ohun tí ó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Mo fẹ́ fi kún un pé nígbà mìíràn, òun ni í kéré jù lọ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yìí wọ Igbó Irúnmọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì òun nìkan, ẹ̀ẹ̀kẹta pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó rí ohun tí ó rí ní ilé rẹ̀ kò lè jókòó sí ilé. Mo mọ̀ pé Fágúnwà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ètò tí ó to ìtàn rẹ̀ sí ni ó sọ ọ́: ikú ìyá ṣíwájú, igbó tẹ̀ lé e.

Òǹkọ̀wé tí ń gbọ́ kò sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kò ní, ‘Ó ṣe, gbàgbé rẹ̀.’ Kò ní, ‘Ti ẹlòmíràn burú jù báyìí lọ.’ Kò wádìí bóyá òótọ́ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Carl Rogers, onímọ̀ ìdámọ̀ràn ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ní 1951 tí ó fi yí iṣẹ́ olùdámọ̀ràn padà. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí ó ní ìṣòro ni kí ó wà láàárín, pé iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni láti gbọ́ ọ títí tí yóò fi rí ayé bí ẹni náà ti ń rí i, láìdá a lẹ́jọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá ṣáájú ìgbà náà, ní 1938, tí Fágúnwà ti jókòó ti akọ̀wé rẹ̀ níwájú Àkàrà-oògùn. N kò sọ pé Fágúnwà mọ ohun tí Rogers mọ̀. Mo ń sọ pé olùkọ́ Yorùbá tí ń wá àpẹẹrẹ olùdámọ̀ràn aláàánú kò ní láti rìn jìnnà.

Ohun kan wà nínú ìpàdé náà tí ó ń kọ mí lóminú, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ènìyàn méjì ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kejì, òkìkí ti kàn. Àwọn ará ìlú ti péjọ láti gbọ́ ìtàn Àkàrà-oògùn, èrò sì ń pọ̀ sí i. Nínú ìtàn, èyí dùn mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ayé, ẹni tí ó dá nìkan jìyà wá ní àwùjọ. Ní ojú ayé ńkọ́? Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá yọ nínú ewu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ti kún. ‘Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu o. Orí yín kò gbàbọ̀dè.’ Lẹ́yìn ìkíni ni ìbéèrè máa ń tẹ̀ lé: báwo ni ó ti ṣẹlẹ̀? Ẹni náà yóò sọ ọ́ fún ẹni tí ó dé ní òwúrọ̀, yóò sọ ọ́ fún ẹni tí ó dé ní ọ̀sán. Ní alẹ́, yóò tún sọ ọ́ fún ẹni tí ó ti Ìsẹ̀ tàbí Àkúrẹ́ wá. Ìfẹ́ ni ó gbé gbogbo wọn wá. Kò sí èyí tí ó kí i tí kò fún un ní nǹkan kan, nítorí ‘ẹ kú ewu’ ń sọ fún un pé ewu ti kọjá, pé ó ti wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé ìkíni yẹn, bí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́, ń dá ọmọ kékeré padà sínú igbó ni.

Àwọn onímọ̀ ìwòsàn ọkàn ti wá rí èyí lẹ́yìn àṣìṣe tiwọn. Nígbà kan, wọ́n gbà pé kí a mú ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sọ gbogbo rẹ̀ tán ní ìjókòó kan. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́ bí a ti rò. Nínú ìwé ìtọ́ni tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011, ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí olùrànlọ́wọ́ ṣe: kí ó wò, kí ó gbọ́, kí ó sì so ẹni náà pọ̀ mọ́ àwọn tí yóò ràn án lọ́wọ́. Wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ wò ó pé ‘sọ̀rọ̀ fún un’ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yorùbá ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èyí tí ó ń wá ìròyìn yàtọ̀ sí èyí tí ó ń wá ìrọ̀rùn ẹni tí a ń kí.

Síbẹ̀, kí a má wá ti ara èyí sọ pé kí a lé àwùjọ dànù. Nígbà tí Adéoyè Lambo dá ètò rẹ̀ sílẹ̀ ní Àrò, Abẹ́òkúta, ní 1954, kò kó àwọn alárùn ọpọlọ jọ sínú ọgbà tí a tì pa. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì padà sílé láti jẹun, láti ṣiṣẹ́, láti gbọ́ ariwo ọmọdé. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwùjọ Àrò kò jókòó yí aláìsàn ká láti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Wọ́n bá a gbé ni. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò èrò ìran ìwòran nínú ìwé Fágúnwà.

Ẹ̀rí kan wà tí ó sún mọ́ wa nílé jù báyìí lọ. Ọmọ bíbí Ìkẹ́rẹ́ ni Níyì Ọ̀ṣúndáre, tí a bí ní 1947. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ewì rẹ̀, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa á sì ní kí ni ó kàn wá. Òkè Olósùnta tí ó wà nínú The Eye of the Earth, ìwé tí ó gba ẹ̀bùn ewì Kọ́mọ́ńwẹ́lítì ní 1986, kàn wá. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina kọlu ìlú New Orleans níbi tí ó ti ń kọ́ni ní yunifásítì. Omi gba ilé rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sá gun àjà, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, títí tí aládùúgbò kan fi gbọ́ igbe wọn tí ó sì wá kó wọn. Ìwé rẹ̀, ohun tí ó ti kọ tí kò tíì tẹ̀ jáde, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, bá omi lọ. Ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń sọ pé Ọ̀ṣun dá òun láre ni omi ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọdún mẹ́fà ni ó kọjá kí City Without People, ìwé ewì tí ó kọ lórí ìjì náà, tó jáde ní 2011. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lórí ọdún mẹ́fà yẹn. Akéwì tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí ó ti ń kọ ewì sínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Nàìjíríà, dúró fún ọdún mẹ́fà kí ó tó fi odidi ìwé lé ìrora yìí lórí. Bẹ́ẹ̀ ni Àkàrà-oògùn ṣe dàgbà kí ó tó wá akọ̀wé. Bí òǹkàwé bá sì ṣí ìwé Ọ̀ṣúndáre náà, kì í ṣe omi nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Yóò bá ìbínú sí ìjọba tí ó jẹ́ kí àwọn tálákà rì. Yóò sì bá ọpẹ́ fún àwọn tí ó gbà á sílé. Ẹni tí ó gbọ́ igbe lórí àjà ni ó kọ́kọ́ wò ó sàn. Ká ní ẹni náà dúró nísàlẹ̀ láti máa fún un nímọ̀ràn lórí bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, ewì kì bá tí sí.

Mo mọ àtakò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò gbé dìde. Wọn yóò ní mo ti fi ojú ayé òde òní wo ìwé 1938, pé Fágúnwà kọ ìwé rẹ̀ láti kọ́ni ní ìwà, pé Ìrágbèje sì ni ọkàn ìwé náà. Èmi náà gbà pé Fágúnwà fẹ́ kọ́ni. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ kọ́ni nìkan ì bá ti jẹ́ kí Ìrágbèje kọ ìwé náà. Ẹni tí ó fi kálàmù lé lọ́wọ́ ni ẹni tí ó dákẹ́. Bí a bá gbójú fo ìyẹn nítorí pé kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìbéèrè, àwa olùkọ́ ni a dín ìwé náà kù, kì í ṣe Fágúnwà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, n kò ní kí ẹ má kọ́ ojúlé méjèèje; ẹ há wọn sórí, wọn yóò bèèrè wọn. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá kan ọgbọ́n ìsọ̀tàn, ẹ má fi gbólóhùn kan pé ‘ó lo ìtàn nínú ìtàn’ tẹ́ olùdánwò lọ́rùn. Ẹ sọ ẹni tí ó sọ ìtàn, ẹni tí ó gbọ́ ọ, bí ó ti gbọ́ ọ, àti ìgbà tí èrò dé. Bí ìbéèrè bá kan Kàkó, ẹ má pè é ní akínkanjú kí ẹ tó dárúkọ obìnrin náà nínú ìdáhùn yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn kò dúró láti sunkún rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́, tí ó ti di yunifásítì báyìí, ń tú jáde lọ́dọọdún pọ̀ ní ilé-ìwé agbègbè wa, àwọn kan nínú wọn sì kọ́ ìmọ̀ ìdámọ̀ràn. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n yá ìwé yìí lọ́wọ́ àwa olùkọ́ Yorùbá. Ọ̀kan dá mi lóhùn pé àwọn ní ìwé tiwọn. Mo ní kí ó ka ojú-ewé àkọ́kọ́ péré.

Ọmọbìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè ti jáde ìwé. Nínú ìdánwò ilé-ìwé tí mo ń ṣe fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ti fi ìbéèrè kan kún èyí tí ó wà lórí Ìrágbèje: ‘Gba ipò akọ̀wé tí ó jókòó ti Kàkó. Kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀.’ Ogójì ìṣẹ́jú ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ wọn a máa nawọ́ bèèrè ìwé sí i.